Ta Ni Àwọn Tó Ń Gbé Agbogbloshie Gan-an?

Àwòrán kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn lágbàáyé fi mọ Agbogbloshie, àdúgbò kan ní ìlú Accra tí í ṣe olú ìlú orílẹ̀-èdè Gánà. Àwòrán ọmọkùnrin kan ni, tó dúró láàárín èéfín dúdú, tó ń fi igi tú ìdì wáyà tó ń jó nínú iná, kí rọ́bà ara wáyà náà lè yọ́ dànù, kí bàbà inú rẹ̀ lè ṣẹ́kù. Àwọn oníròyìn Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ya àwòrán yìí títí, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní ààtàn kọ̀ǹpútà tó tóbi jù lọ láyé. Wọ́n wọn májèlé inú ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n tilẹ̀ wọn ti inú ẹyin adìẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò béèrè ni pé: àwọn wo gan-an ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà débẹ̀, mélòó sì ni wọ́n?

Ìbéèrè mẹ́ta yìí dà bí ohun tí ọmọ iléèwé lè dáhùn. Ṣùgbọ́n nítorí wọn ni àwọn èèyàn ti ṣe dé iwájú adájọ́, nítorí wọn náà ni katapílà ti ṣe wọ àdúgbò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní Agbogbloshie, iye èèyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán. Ẹni tí wọn kò kà, wọ́n á ní kò sí níbẹ̀. Ilé ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò sì ṣòro láti wó.

Ibi méjì tó fara kínra ni àwọn èèyàn ń pa pọ̀ pe orúkọ yìí. Agbogbloshie fúnra rẹ̀ ni ọjà: iṣu, tòmátì, ata, ẹ̀fọ́, pẹ̀lú àgbàlá irin àlòkù tó sọ orúkọ rẹ̀ káyé. Old Fadama ni ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ná ọjà náà ń sùn sí, ilé pákó tí ó fara ti ilé pákó, títí dé bèbè odò Odaw àti ọ̀sà Korle tó ń gbé omi ìgboro Accra lọ sínú òkun. Kò jìnnà sí àárín ìlú rárá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè rìn láti ibẹ̀ dé ọjà Makola láìwọ mọ́tò.

Orúkọ Fadama yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni, àkúrọ̀ ló sì túmọ̀ sí. Àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ láti inú ètò ọ̀gbìn Fàdámà tí ìjọba bá Báńkì Àgbáyé ṣe. Àkúrọ̀ náà sì ni ibẹ̀ lóòótọ́. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi a máa bá onílé lórí ẹní. Àwọn Gà ni ọmọ onílẹ̀ ní Accra, òrìṣà sì ni ọ̀sà Korle jẹ́ fún wọn, ó ní àwòrò tirẹ̀. Lọ́dún 1961, ìjọba Kwame Nkrumah gba ilẹ̀ tó yí ọ̀sà náà ká, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe. Ètò náà kò rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Ilẹ̀ tí ìjọba gbà tí kò lò, tí ó tún wà létí ọjà, ẹni tó bá mọ Èkó mọ ohun tí ojú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rí.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn èèyàn kan jí wọ ibẹ̀ lóru. Ìjọba fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó kó èèyàn débẹ̀. Lọ́dún 1991, àwọn mínísítà láti àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ní àwọn kò sí lẹ́yìn Amẹ́ríkà, àwọn kò sì sí lẹ́yìn Rọ́ṣíà, ń bọ̀ wá ṣèpàdé ní Accra. Àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ kí ojú títì mọ́ kí àlejò tó dé, wọ́n sì kó àwọn tó ń pàtẹ lójú pópó lọ sí Old Fadama. Lẹ́yìn náà ni ọjà iṣu ńlá sún débẹ̀, àwọn aláàárù tẹ̀ lé iṣu, àwọn olóúnjẹ tẹ̀ lé aláàárù, ìlú sì bẹ̀rẹ̀.

Ogun ló wá fi kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Konkomba àti Nanumba ní àríwá Gánà. Àríyànjiyàn lórí ẹyẹ awó kan lọ́jà ni wọ́n fi pe orírun rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní ogun awó. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í dá ogun sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ kò bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti oyè ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn Konkomba kò ní ọba ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀; àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ń béèrè oyè àti ilẹ̀ tiwọn. Àwọn Nanumba, Dagomba àti Gonja, tí wọ́n ní ọba, ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló kú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé jóná, àwọn tí ẹ̀mí wọn yọ sì doríkọ gúúsù. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ ní Accra ni ibi tí ará ilé wọn ti ń ta iṣu.

Èyí tó yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu ni pé ibì kan náà ni àwọn tó bá ara wọn jà ń sá bọ̀. Konkomba dé Agbogbloshie, Dagomba dé Agbogbloshie. Iṣu wà lọ́wọ́ Konkomba, débi pé orúkọ wọn ni wọ́n fi ń pe ọjà náà. Irin àlòkù sì wà lọ́wọ́ àwọn Dagomba jù lọ. Ẹni tí kò lè bá ẹnìkejì jẹun nílé ń gba ṣéńjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà. Kì í ṣe pé wọ́n ti gbàgbé. Nígbà tí wọ́n pa Yaa Naa Yakubu Andani Kejì, ọba àwọn Dagomba, ní Yendi ní oṣù kẹta ọdún 2002, ìjà agboolé ọba méjèèjì, Abudu àti Andani, wọ ọkọ̀ dé Accra pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Títí wọ́n fi fi ọba tuntun jẹ ní oṣù kìíní ọdún 2019, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní Yendi kì í pẹ́ dé Old Fadama. Àwọn olóṣèlú mọ èyí, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ iná sí i bí ìbò bá ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé àgbájọ àwọn tí kò ní baba ló ń gbé ibẹ̀ kò tíì wọ ibẹ̀ rí. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tirẹ̀ tó ń parí ìjà, tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìgbéyàwó, tó ń dá owó jọ láti gbé òkú lọ sílé. Àwọn Mamprusi wà níbẹ̀, Gonja wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Frafra àti Kusasi láti ìhà àríwá pátápátá. Àwọn Ewe, Akan àti Gà náà kò ṣàìsí. Haúsá àti Zabarma láti ilẹ̀ Nìjẹ̀ ló pọ̀ nídìí àlùbọ́sà, kí ìjọba tó kó ọjà àlùbọ́sà náà kúrò. Mọ́sáláṣí pọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì náà wà. Àwọn obìnrin ń se wáákyè àti túwó, bárébà wà, ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù wà, ilé ìwẹ̀ tí èèyàn ń sanwó kó tó wẹ̀ wà. Dagbani ni èdè tó gbilẹ̀ jù nínú ilé. Haúsá àti Twi ló ń ṣe ògbufọ̀ lójú ọjà.

Nínú gbogbo wọn, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń dunni jù ni àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní kayayei. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ bí Accra ṣe rí: kaya jẹ́ ẹrù lédè Haúsá, yei jẹ́ obìnrin lédè Gà. Èdè méjì pàdé lórí ọmọ ẹlòmíràn. Alábàárù ni Yorùbá ń pè wọ́n ní Bódìjà àti ní Òkè-Àrin, ṣùgbọ́n àwọn tibí yìí kéré lọ́jọ́ orí. Òmíràn kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Abọ́ irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni ohun iṣẹ́ rẹ̀, ìgbà mìíràn sì rèé, abọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀, ó yá a ni. Ìyá tó ra iṣu á kígbe pé, “Kaya!” Ọmọ náà á sáré dé, á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé e rù ú, á sì máa tẹ̀ lé ìyá náà láàárín mọ́tò títí dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ wọkọ̀. Owó tí wọ́n á fún un kò ní iye kan pàtó. Ohun tí ojú àánú ìyá náà bá bá a sọ ni.

Bí èèyàn bá béèrè ìdí tí wọ́n fi wá, ọ̀pọ̀ á sọ ohun tí kò ju ìṣasùn, abọ́ àti aṣọ lọ. Ọmọbìnrin tó fẹ́ relé ọkọ ní ìhà àríwá gbọ́dọ̀ kó ẹrù ilé lọ́wọ́, bí bàbá rẹ̀ kò bá sì ní, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá a. Òmíràn sá fún ìyàwó àfipáṣe. Òmíràn sì rèé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti lọ ṣáájú ló padà wálé pẹ̀lú aṣọ tuntun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni òjò máa ń rọ̀ lókè lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ti kórè tán, ọ̀pọ̀ oṣù ni ilẹ̀ á fi gbẹ tí kò ní sí iṣẹ́ oko. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí ní gúúsù tó ní kòkó àti igi gẹdú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàkóso ibẹ̀ kò gbin ohun kan tó lè mówó wọlé sí àríwá. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀, láti wa góòlù, láti ro oko kòkó, láti ṣe ológun. Ọ̀nà tí àwọn baba ńlá àwọn ọmọ wọ̀nyí fi tọ gúúsù wá nígbà náà ni àwọn náà ń tọ̀.

Lálẹ́, wọ́n á da owó pọ̀, wọ́n á fi gba yàrá pákó kan, wọ́n á sì sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èèyàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè sùn nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Ẹni tí kò rówó yàrá á sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù, nínú ewu ọkùnrin àti ti ẹ̀fọn. Bí wọ́n ṣe kéré tó yìí náà, ìjọba ìlú ń gba owó ọjà lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́, títí di ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ fi òpin sí i nínú ètò ìṣúná ọdún 2017. Nígbà tí wọ́n ti Accra pa nítorí àrùn Kòrónà ní òpin oṣù kẹta ọdún 2020, ọ̀pọ̀ wọn kò rí ẹrù rù, wọn kò sì ní ohun tí wọ́n lè jẹ. Àwọn kan há ara wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù láti sá lọ sílé, ọlọ́pàá sì dá wọn padà. Kò sí ibi tó fẹ́ wọn nígbà náà: ìlú ní kí wọ́n má jáde, kò sì fún wọn ní ilé tí wọ́n lè jókòó sí.

Ti irin àlòkù àti èéfín, ó ti di mímọ̀, kò sì yẹ kó gba àyè púpọ̀. Tòkunbọ̀ ni orísun rẹ̀: tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, kọ̀ǹpútà tí àwọn Òyìnbó lò tán, àti èyí tí àwọn ará Gánà fúnra wọn lò títí tó fi bàjẹ́. Wọ́n á tú u, wọ́n á ya irin sọ́tọ̀, wọ́n á ya bàbà sọ́tọ̀, wọ́n á tún èyí tó ṣeé tún ṣe ṣe. Iṣẹ́ gidi ni, owó gidi ló ń wọlé nínú rẹ̀. Májèlé rẹ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ní 2013, àjọ Blacksmith Institute ka ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi mẹ́wàá tó dọ̀tí jù lọ láyé. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé ẹni tó bá jẹ ẹyin kan ṣoṣo láti ara adìẹ tó ń jẹ̀ káàkiri ibẹ̀ ti jẹ májèlé dayọ́sììnì ní ìlọ́po 220 iye tí àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Yúróòpù gbà láàyè lóòjọ́. Àwọn adìẹ náà ní olówó, àwọn olówó wọn sì ní ọmọ. Wáyà nìkan kọ́ ló ń jóná níbẹ̀.

Àwọn ará Accra tí kì í débẹ̀ ti fún ibẹ̀ ní orúkọ mìíràn: Sódómù àti Gòmórà. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ilé sí Sódómù. Wọ́n ń retí iná láti ọ̀run ni. Orúkọ náà sì ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, nítorí nígbà tí ìjọba bá sọ pé òun fẹ́ wó Sódómù, ta ni yóò sọ pé kó má wó o? Olè wà ní Old Fadama, aṣẹ́wó wà, oògùn olóró wà. Wọ́n wà ní àwọn àdúgbò ńlá Accra pẹ̀lú, níbi tí ògiri ti ga.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, ìjọba ìlú Accra fún gbogbo wọn ní ìwé pé kí wọ́n kó jáde, nítorí ètò tí wọ́n ń ṣe láti tún ọ̀sà Korle ṣe. Àwọn olùgbé gba ilé ẹjọ́ gíga lọ. Ní oṣù keje, ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi: wọn kò ní ilẹ̀, wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí wọ́n fún àwọn ní ibòmíràn. Ní ojú òfin ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kí adájọ́ má ṣìnà. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú ìdájọ́ náà. Ọmọ Gánà ni wọ́n. Wọ́n ń dìbò. Wọ́n sì ń gbé ní olú ìlú orílẹ̀-èdè wọn gẹ́gẹ́ bí àlejò tí onílé lè lé nígbà tó bá wù ú.

Ọ̀rọ̀ àlejò yìí ni Yorùbá kò fi gbọdọ̀ ka ìtàn yìí bí ìtàn ẹlòmíràn. Yorùbá ti gbé Accra pẹ́. Àdúgbò kan wà ní James Town, létí òkun, tí wọ́n ń pè ní Ngleshie Alata. Ìtàn wọn so mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti ìhà ìlà oòrùn nígbà tí wọ́n ń kọ́ odi James ní nǹkan bí ọdún 1673, wọ́n sì ti di Gà pátápátá. Títí di òní, Alata ni ọ̀pọ̀ ará Gánà ń pe ọmọ Nàìjíríà, ọṣẹ dúdú sì ni wọ́n ń pè ní alata samina. Nígbà tí wọ́n kànìyàn ní Gánà lọ́dún 1960, Yorùbá tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000: àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ọ̀ffà àti Ìlọrin, tí wọ́n ń tajà láti Accra dé Tamale àti Yendi. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n bí síbẹ̀, tí wọn kò mọ ojú ọ̀nà ilé.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n kà wọ́n, wọ́n lé wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ogun Biafra kò tíì parí ní Nàìjíríà. Àwọn èèyàn ta ilé ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n wọ lọ́rì pẹ̀lú ọmọ tí kò gbọ́ ju Twi tàbí Dagbani lọ. Nàìjíríà náà kò sì mọ́wọ́ dúró: ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari lé ọmọ Gánà tó lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì fi orúkọ wọn pe báàgì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìgbà tí èèyàn bá sọdá ẹnubodè nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́ di àlejò. Ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà tí ìjọba ológun wó Màrókò ní Èkó, ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún wọn, ó sì dín ní ọ̀sẹ̀ kan sí iye ọjọ́ tí Busia fún àwọn àlejò.

Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn ará Old Fadama kò lè tẹ̀ lé irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n pàdánù ní kóòtù, wọ́n pinnu láti ka ara wọn. Ẹgbẹ́ àwọn tálákà ìgboro, Ghana Federation of the Urban Poor, àti àjọ People's Dialogue tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, fi nọ́ńbà sára ilé pákó, wọ́n sì ń béèrè láti yàrá dé yàrá: ẹ̀yin mélòó lẹ ń sùn níbí, níbo lẹ ti wá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Àwọn tó ń kà wá láti inú àdúgbò, wọ́n gbọ́ èdè, kò sì sí ẹni tó sá fún wọn. Nínú ìkà tọdún 2009, èèyàn 79,684 ni wọ́n rí lórí ilẹ̀ tí kò ju hẹ́kítà 31.3 lọ. Èyí lé ní 2,500 lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni kó èèyàn 1,800 sórí pápá bọ́ọ̀lù kan pé kí wọ́n máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n dáná, kí wọ́n bímọ.

Iye náà ya àwọn aláṣẹ lẹ́nu, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà díẹ̀. Ó rọrùn láti sọ pé kí àwọn jàǹdùkú kan kúrò. Láti sọ pé kí nǹkan bí 80,000 èèyàn kúrò, ẹni tó bá sọ ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọn yóò lọ, kò sì sí ẹni tó rí ibẹ̀ sọ. Ìdájọ́ ọdún 2002 wà nínú fáìlì, àwọn èèyàn sì wà nínú ilé wọn. (Nàìjíríà tó kà kẹ́yìn lọ́dún 2006, tó sì sún ti ọdún 2023 síwájú, kò ní ẹnu láti fi àwọn aláṣẹ Accra ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.)

Ìkà kò wá lè dá katapílà dúró pátápátá. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015, àgbàrá gba Accra, ilé epo kan bú gbàmù ní Kwame Nkrumah Circle, èèyàn tó lé ní 150 sì kú. Wọ́n ní Old Fadama ló dí ọ̀nà omi. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, àwọ̀ Ràmàdánì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé tó wà létí ọ̀sà, àwọn aláwẹ̀ sì dá nínú òjò. Òótọ́ ni pé àwọn ilé kan ti wọnú omi. Òótọ́ náà ni pé ìdọ̀tí gbogbo Accra ni odò Odaw ń wọ́ bọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ó wá ku ọdún 2021. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, ni Gánà yàn gẹ́gẹ́ bí alẹ́ ìkànìyàn. Àwọn tí kò ní ilé, tí wọ́n ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù àti lábẹ́ páńdà ọjà, ni wọ́n kọ́kọ́ kà lóru ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tí wọ́n á fọ́n ká. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ orúkọ ọ̀pọ̀ kayayei sílẹ̀. Ìkà tilé-tilé tẹ̀ lé e. Nígbà tí àbájáde jáde, èèyàn Gánà jẹ́ mílíọ̀nù 30.8, ẹkùn Accra Ńlá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù márùn-ún àtààbọ̀, ó ṣáájú ẹkùn Ashanti.

Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn alẹ́ ìkànìyàn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù keje, tí àwọn akànìyàn ṣì ń kan ilẹ̀kùn káàkiri ìlú, katapílà wọ àgbàlá irin àlòkù, pẹ̀lú ọlọ́pàá àti ṣọ́jà. Henry Quartey, mínísítà ẹkùn Accra Ńlá nígbà náà, ló ṣáájú ètò náà. Wọ́n kó àwọn alálùbọ́sà lọ sí Adjen Kotoku, níta ìlú. Àgbàlá náà di ilẹ̀ gbalasa láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn oníròyìn òkèèrè kọ ọ́ pé Agbogbloshie ti tán.

Kò tán. Àwọn tó ń tú irin kó òòlù àti ṣísẹ́lì wọn, wọ́n sọdá sínú Old Fadama, wọ́n sì ń tú u ní iwájú ilé tí wọ́n ń sùn, láàárín ọmọdé àti ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn mìíràn fọ́n káàkiri àwọn àdúgbò mìíràn ní Accra, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ pé ó yẹ kí òun lọ ka wọn. Ọkọ̀ iṣu ṣì ń ti àríwá wọlé lóru. Àwọn ọmọbìnrin ṣì ń dúró dè é pẹ̀lú abọ́ irin lórí, òmíràn nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ Tamale ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní òun á wá pàdé òun nídìí iṣu.